Pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú Lójú Oórì Ọba Súlù

Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi káàbọ̀ ní Oko Ọba, tí ẹnu yín ń kí mi tí ojú yín sì wà lára báàgì mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ra bàtà, mi ò ra aago. Ohun tí ojú mi rí ni mo gbé bọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi, nítorí mo mọ àdúgbò wa. Bí mo bá dákẹ́, kó tó di ọjọ́ mẹ́ta wọn á ti sọ lọ́dọ̀ àwọn alápatà pé kìnnìún ti gé mi létí jẹ.

Èmi ni Ìyá Akin. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kó pọ̀nmọ́ ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, fún àwọn tó ń tà á ní Èkó, láti Agége títí dé Maryland. Akin ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, tó ń tún fóònù ṣe. Ibẹ̀ ló ti rí Nomsa, ọmọ Súlù, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ìyẹn kò le. Bàbá Nomsa ló le. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Akin lọ sílé bàbá náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí pé àjèjì ni. Nígbà tó yá, bàbá ránṣẹ́ pé òun kì í bá ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run sọ̀rọ̀. Bó bá ní ìyá, kí ìyá rẹ̀ wá kí òun fi ojú ara òun rí i. Nomsa sì ti sọ fún Akin pé òun kò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun kò bá fọwọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe já lé èmi lọ́rùn nìyẹn. Bí bàbá náà bá rí mi tó bá ní rárá, ó parí.

Mo di pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú, èyí tó gbẹ tó sì nípọn dáadáa, sínú báàgì. A kì í lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo. Bí mo ṣe gbé e kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ẹrù, ẹ má bi mí.

ẸNU IBODÈ

Ọmọbìnrin tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà ní Durban kéré sí àbúrò Akin tí mi ò bí. Ó béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo fi gẹ̀ẹ́sì Agége dá a lóhùn pé ìyàwó ni mo wá fẹ́. Nílé wa, ta ni kò ní mọ ohun tí ìyá àgbà ń sọ tó bá ní ìyàwó lòun wá fẹ́? Ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo gèlè mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun kí èmi àti ìyàwó kú oríire, ó sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi. Inú ọkọ̀ ni Akin ti ṣàlàyé fún mi pé òfin ìlú wọn gbà kí obìnrin fẹ́ obìnrin. Sáàmù ni mo ń kà títí a fi délé. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, láti ìgbà tí mo ti dáyé, òun ni òṣìṣẹ́ ìjọba àkọ́kọ́ tó kí mi kú oríire.

ÀJÈJÌ

Ìlú náà mọ́ débi pé ó ń bí mi nínú. Wọ́n ń tò sórí ìlà láti wọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó mú pàṣán dání. Bí o bá fara gbún ènìyàn, ẹni tí o gbún náà ni yóò bẹ̀ ọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá ẹni tí n ó bá jà, mi ò rí.

Ohun tí mo rí ni ọmọ mi. Akin tí mo bí sí Agége, tí ohùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, ti di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. A wà nínú ọkọ̀ èrò lọ́jọ́ kan nígbà tí Yétúndé pè mí lórí fóònù. Yétúndé ni àkọ́bí mi, tíṣà ni, èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé ni, kò tíì relé ọkọ. Mo gbé fóònù, mo kí i bí a ṣe ń kí ọmọ ẹni. Ohùn mi gba gbogbo ọkọ̀. Akin rọra fọwọ́ tẹ orúnkún mi, ó ní ká délé ná. Obìnrin kan níwájú yíjú sẹ́yìn, ó wò mí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: makwerekwere. Mo bi Akin léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní àlejò ló túmọ̀ sí. Mo mọ ojú tí wọ́n fi ń pe àlejò, kì í ṣe irú ojú yẹn.

Nomsa ló sọ òótọ́ fún mi nígbà tí a délé. Ó ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwa tí a ti òkè Áfíríkà wá ni, àwa tí èdè wa ń dún létí wọn bí ariwo lásán, tí wọ́n ní a wá gba iṣẹ́ àti obìnrin mọ́ wọn lọ́wọ́. Inú bí mi gan-an. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, onílé ní Agége, ni ẹnì kan ń pè ní ariwo. Mo sọ fún Nomsa pé nígbà tí òyìnbó ń fìyà jẹ wọ́n, àwa la ń gbààwẹ̀ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun dúpẹ́ ààwẹ̀ náà. Ọmọ náà ní sùúrù, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Akin ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Kò tíì lè sọ ọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Wọ́n ń fi àgbàdo ro nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní phuthu. Kò fẹ́ dì mọ́ra. Bí o bá bu òkèlè, á tú sí ọ lọ́wọ́ bí ilé tí ọmọdé fi yanrìn kọ́. Ẹran ni wọ́n mọ̀ ọ́n sun, ìyẹn ni mo fi yìn wọ́n. Ègé kan ṣoṣo lè bo ojú àwo. Ṣùgbọ́n kò lata, bẹ́ẹ̀ ni kò láwọ. Mo wọ ilé alápatà mẹ́rin bóyá n ó rí pọ̀nmọ́, gbogbo màlúù ni wọ́n bó ní ìhòòhò. Àánú wọn ṣe mí. Mo sọ fún Akin pé ìdí tí inú wọn kì í fi í dùn sí àlejò nìyí, ẹnu wọn kò tíì jẹ nǹkan gidi. Mo fọwọ́ kan báàgì mi. Ó dá mi lójú pé lọ́jọ́ tí bàbá Nomsa bá tọ́ tiwa wò, ọ̀rọ̀ bùṣe.

ỌBA LÁÀÁRÍN ṢỌ́Ọ̀BÙ

Bàbá Nomsa kò pè wá sílé. Ó ní ibi iṣẹ́ òun ni ká ti wá bá òun. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé òun ló ń tọ́jú ibi tí wọ́n sin ọba àwọn Súlù sí, ọba jagunjagun tó kó ẹ̀yà káàkiri jọ di orílẹ̀-èdè kan, tí òkìkí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa pàápàá. Nomsa kìlọ̀ fún mi pé bí a bá débẹ̀, n kò gbọdọ̀ máa pe orúkọ rẹ̀ ṣeré. Mo ní ìyẹn kò ṣòro, nílé wa náà a kì í fi orúkọ ọba dá àpárá. N kò ní pè é níhìn-ín náà.

Ìlú KwaDukuza ló wà, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ sí Durban, oko ìrèké ló sì gba ojú ọ̀nà. Mo ti múra sílẹ̀ fún ààfin. Mo wọ léèsì, mo wé gèlè tó le. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni ọgbà kékeré kan láàárín ìgboro, koríko, igi díẹ̀, irin yí i ká, òkúta ìrántí kan dúró láàárín rẹ̀. Lódìkejì títì, wọ́n ń ta fóòmù. Orin ń pariwo láti ṣọ́ọ̀bù onífóònù. Ọba tí gbogbo ilẹ̀ náà ń gbọ̀n fún, àyè tí wọ́n fún un kò tó ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Oregun.

Mo sọ ọ́ síta, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Nomsa kò bínú. Ó kàn béèrè bóyá ọgbà àwọn ọba tiwa tóbi ju èyí lọ, pé òun á fẹ́ wá wò ó. Mo wá rántí ibi tí wọ́n ní wọ́n sin àgbà tó kọ́kọ́ tẹ àdúgbò wa dó sí. Ilé epo ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Mo ní ká tètè máa wọlé, oòrùn ń mú.

AWỌ

Bàbá Nomsa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ káàkì, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi bí ọdún márùn-ún jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wá tọrọ ọmọ, mo sì mọ ohun tó tọ́. Mo ká léèsì mi sókè, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọkùnrin náà ta gìrì. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà kì í jẹ́ kí orí òun ga ju ti àgbà lọ. Bó ṣe rí orí mi nísàlẹ̀, ó jókòó sórí koríko. Èmi náà wò ó pé kò yẹ kí àna mi wà nísàlẹ̀ kí èmi wà lókè, mo tún tẹ̀ ba sí i. Òun náà tẹ̀ ba. Bí kì í bá ṣe pé Akin fà mí dìde, gbalaja ni àwa méjèèjì ì bá wà lójú oórì ọba. Àwọn tó ń ta fóòmù ti jáde wá wòran.

Ó ń pè mí ní mama. Baba ni wọ́n ń pe bàbá, mama ni wọ́n ń pe ìyá, ọkàn mi sì wálẹ̀ díẹ̀. Òun ń sọ Súlù, Akin ń túmọ̀. Ó sọ ìtàn ọba fún mi. Ó ní àwọn ọmọ bàbá ọba náà ló gún un pa, nínú ilé ọba fúnra rẹ̀, níbi tí a wà yìí. Wọ́n ní awọ akọ màlúù dúdú ni wọ́n fi wé e, wọ́n sì gbé e wọ inú kòtò tí wọ́n ń kó ọkà pamọ́ sí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ ó rò pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń rí awọ màlúù, mi ò rí i rí kí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ má sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí awọ, mo rò pé Olúwa ló ṣí ọ̀nà. Mo tú báàgì. Mo kó pọ̀nmọ́ jáde, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, mo ní kí Akin sọ fún un pé awọ màlúù rèé, èyí tó dára jù ní gbogbo Èkó, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi di ọ̀la kí wọ́n tó sè é. Akin kò túmọ̀. Mo tún un sọ. Ó wá sọ ọ́, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Bàbá Nomsa gba pọ̀nmọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, awọ ni asà ọmọ ogun, awọ ni yẹ̀rì obìnrin tó ti relé ọkọ, awọ ni wọ́n fi sin ẹni tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ó wá bi mí, láìgbé ohùn sókè, "Mama, ṣé aṣọ lẹ máa ń jẹ ni?"

Ó dùn mí. Mo ní kí Akin sọ fún un pé bí a bá pa màlúù, a kì í fi nǹkan kan ṣòfò lára rẹ̀, àti pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ lọ jagun kò gbọdọ̀ ráhùn bí ebi bá pa á. Èsì náà tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Mo retí kí ó rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé pọ̀nmọ́ lé orí ògiri kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ nu ṣòkòtò. Mo wo ojú Akin. Ojú tó fi ń wò mí ni mo fi mọ̀ pé mo ti ń fi ẹnu mi ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́. Ẹ̀rù bà mí.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Nomsa wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní òun kò mọ àwọn èèyàn Akin, ohun tí òun sì ń gbọ́ nípa wọn kò dára. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun lọ síbi tí wọn yóò ti máa wò ó bí àjèjì. Ó ní ìbéèrè kan péré ni òun ní, kí n rántí ibi tí a jókòó sí kí n tó dáhùn.

Akin túmọ̀ ìbéèrè náà, kò wo ojú mi. "Wọ́n ní bí àjèjì bá wá tọrọ ọmọ yín obìnrin nílé, báwo lẹ ṣe máa ń gbà á?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi kún un pé, "Màámi, ẹ ṣáà ní a máa ń gbà wọ́n dáadáa."

Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà wà nílé lọ́jọ́ náà, ọdún kejìlá rèé. Àdámù, dókítà màlúù tó ń yẹ ẹran wò ní Oko Ọba nígbà náà, fẹ́ràn Yétúndé, Yétúndé sì fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Àdámù, Málàm tó ń kó màlúù wá láti Yola, wọ aṣọ funfun, òun àti àgbà méjì gbé obì wá sílé mi. Mi ò ní kí wọ́n jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí tí àwọn ayálégbé ń kọjá lára wọn. Mo ní Gàmbàrí kankan kò ní fi ọmọ mi ṣe aya, kí wọ́n kó obì wọn máa lọ. Awọ màlúù wọn náà ni mo sì lọ rà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò ṣàjèjì sí yín. Mo ti sọ ìtàn yìí fún yín ní ìsọ̀ mi, àìmọye ìgbà, ẹ sì bá mi rẹ́rìn-ín sí i.

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó kù kí n là á jáde. Ṣùgbọ́n mo rántí obìnrin inú ọkọ̀ èrò náà, mo rántí bó ṣe wò mí. Mo mọ ojú náà. Ojú tí mo fi wo Málàm ni.

Mo sọ òótọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, títí dórí obì. Ọ̀rọ̀ mi gùn, ṣùgbọ́n nígbà tí Akin máa túmọ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan péré ló sọ, bàbá Nomsa sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pé ó dára. Ìgbà náà ni Nomsa, tó ti jókòó sẹ́yìn wa, dá Akin dúró. Ó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Súlù. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo gbọ́ Yétúndé, mo gbọ́ Yola. Akin fọwọ́ bojú.

Mo dìde, mo ń tún gèlè mi ṣe, mo rò pé ká máa lọ ló kù. Bàbá Nomsa ní kí n jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Nomsa ló túmọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá díẹ̀ àti gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gba Akin gbọ́ mọ́. Ó ní lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Akin wá, òun wà nílé, òun ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ní ká ní mo purọ́ ni, òun á mọ̀, nítorí irọ́ kan náà, pé òun kò kórìíra àjèjì, ni òun ti ń pa fún Nomsa. Lẹ́yìn náà ló wá sọ tirẹ̀:

"Kí àwọn èèyàn yín wá tọrọ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ padà sílé, kí ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn jókòó."

Mo kàn mi orí. Nígbà tí a ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó mú pọ̀nmọ́ kúrò lórí ògiri, tó ń fi aṣọ ìnura wé e.

ILÉ

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo lọ bá Málàm níbi tí wọ́n ń so màlúù mọ́. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí n tó la ẹnu ni wọ́n ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún mi. Ìtìjú kò jẹ́ kí n jókòó. Mo bẹ̀ wọ́n níbi tí mo dúró sí. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbé e kúrò lọ́kàn, pé àwọn kò fẹ́ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ sí sàréè. Àdámù wà ní Yola, ó ti níyàwó, ó ti bímọ mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá sílé mi. Wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n jókòó sórí àga tó dára jù nínú pálọ̀, wọ́n mu omi, wọ́n sì ṣàdúrà fún Akin. Mo pe Durban lójú wọn. Bàbá Nomsa bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan kò gbọ́ èdè ọ̀kan, wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn, mi ò lè fi pamọ́. Nígbà tí Málàm lọ tán, Yétúndé ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jókòó. Mo bá a jókòó, mo kà á fún un bí ẹni ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ilé Málàm ti gbà, ilé Nomsa ti gbà, ọ̀rọ̀ ti yanjú, kò sẹ́ni tó ń bínú sí wa mọ́.

Kò gbójú sókè. Ó yí aṣọ náà padà, ó lọ apá kan rẹ̀ tán.

"Ẹ ṣeun, Màámi. Inú mi dùn sí Akin," ló wí. "Ẹ ti bẹ bàbá Àdámù. Ẹ ti sọ tẹnu yín fún bàbá Nomsa. Èmi tí a jọ ń gbé inú ilé yìí láti ọdún kejìlá ńkọ́?"

Ẹ mọ ẹnu mi ní Oko Ọba, ẹ mọ̀ pé kò sọ́rọ̀ tí n kì í rí fèsì sí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo áyọ́ọ̀nù tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó lọ aṣọ rẹ̀ tán, ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò níná, ó rọra kọjá lára mi, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.